"Relief" Kì Í Ṣe Ìrànwọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lábẹ́ Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kí n tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì túmọ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá bàbá mi sì nọ́ọ̀kì. N kò fọwọ́ kan sípánà. N kò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kan ni mo fi ránṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún ló ṣe iṣẹ́ náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa bèèrè pé kí ló kan ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó kàn wá gan-an ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè fún un lórúkọ tó péye ní Yorùbá, orúkọ tí a bá sì fún un láìmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ba nǹkan náà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ Bàbá àgbà

Volkswagen Beetle ni ọkọ̀ náà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣe é ní Jámánì. Bàbá àgbà rà á ní àlòkù ní ọdún 1971, nígbà tó jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíá rẹ̀ wà, nítorí pé apá òsì títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i sí apá ọ̀tún. Bàbá àgbà kò pààrọ̀ sítíá náà. Ó ní ìjọba ló yí ọ̀nà padà, kì í ṣe òun. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó níbí, púpọ̀ nínú èyí tí àwọn òbí wa gùn sì ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni tiwa jẹ́ sí wọn.

Ẹni ọdún 81 ni Bàbá àgbà báyìí. Ó ń gbé ní Abẹ́òkúta, níbi tí gbogbo ọ̀nà ti ń gun òkè tàbí ń sọ̀ kalẹ̀, eékún rẹ̀ kò sì gba ìyẹn mọ́. Ọkọ̀ náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń gbé e lọ síbi ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Tí a bá ní kó jẹ́ kí a máa gbé òun pẹ̀lú ọkọ̀ tuntun bàbá mi, ó máa ń dáhùn pé òun kì í ṣe ẹrù.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, kì í sì í lo omi rárá. Fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ọ́ìlì sì ń bá fáànù gbé ooru kúrò nínú rẹ̀. Ọ́ìlì ọ̀hún kò pọ̀: bíi lítà méjì ààbọ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ó máa wúlò níwájú.

Ohun tí mo kọ

Ní ìparí ọdún tó kọjá, iná ọ́ìlì tó wà níwájú awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Kì í ṣẹ́jú láàárọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí ọkọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti rìn títí, tí ara ẹ́ńjìnnì gbóná, tí Bàbá àgbà wá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìgbà yẹn ni iná náà máa ń ṣẹ́jú. Tó bá tẹ tọ́tù díẹ̀, iná á kú.

Bàbá mi gbé ìwé atọ́nà ọkọ̀ náà jáde láti inú àpótí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó ya fọ́tò ojú ìwé kan, ó fi ránṣẹ́ sí mi: "Ìwọ tí o ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè, bá mi túmọ̀ èyí sí Yorùbá fún mẹkáníìkì." Ojú ìwé náà sọ pé bí ọ́ìlì kò bá lágbára tó, kí a yẹ "oil pressure relief valve" wò, kí a sì wo sípíríǹgì rẹ̀ bóyá ó ti rọ̀.

Kíláàsì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òmíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin yẹn. "Oil" ni ọ́ìlì. "Valve" ni fáàfù, gbogbo ẹni tó bá ti fẹ́ táyà rí ló mọ̀ ọ́n. "Pressure", mo kọ agbára. Ó wá ku "relief". Ẹ rántí pé gbogbo ìgbà tí omíyalé bá ṣẹlẹ̀ ni a ń gbọ́ "relief" nínú ìròyìn: àpò ìrẹsì, bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ìbora. Ìrànwọ́ ni. Mo kọ ọ́ báyìí: "Fáàfù ìrànwọ́ agbára ọ́ìlì. Kí wọ́n yẹ sípíríǹgì rẹ̀ wò, bóyá ó ti rọ̀." Mo fi ránṣẹ́, mo sì wọ kíláàsì. Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, inú mi dùn sí i. Gírámà rẹ̀ dán mọ́rán. Ẹni tó bá máa fún mi ní máàkì á fún mi dáadáa.

Bàbá mi da iṣẹ́ náà kọ sórí ìwé pélébé, ó kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà, ó sì mú un lọ bá mẹkáníìkì kan ní àdúgbò. Mẹkáníìkì náà tú fáàfù, ó yọ sípíríǹgì, ó wò ó. Sípíríǹgì kò ṣẹ́, kò sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ti ní fáàfù tó ń ran agbára ọ́ìlì lọ́wọ́ nìyí, agbára ọ́ìlì sì nìṣòro. Ó wá to wáṣà mẹ́ta sẹ́yìn sípíríǹgì kí ó lè le sí i. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé kò ní le jù báyìí?" Ọ̀gá ní, "Ọmọ yunifásítì ló kọ ọ́. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀." Bàbá mi ló sọ èyí fún mi, kò sì sọ ọ́ láti fi bú mi. Kí iṣẹ́ lè pé, wọ́n tún da ọ́ìlì tó ki ju ti tẹ́lẹ̀ sí i.

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ sì mú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday, Bàbá àgbà ṣáná sí ọkọ̀, ó tẹ tọ́tù bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún 1971, ó sì jáde. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀ṣì tí iná ọ́ìlì fi tàn. Kò ṣẹ́jú mọ́, ó tàn kalẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ti tún un ṣe, ó sì rò pé wáyà ló ń dààmú. Lórí òkè kan tí kò jìnnà sílé, ẹ́ńjìnnì pariwo bí ẹni fi òòlù lu irin, ó dúró, kò sì yí mọ́. Bàbá àgbà jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá títì tòun ti agbádá rẹ̀ títí bàbá mi fi dé.

Bàbá mẹkáníìkì ṣí i hàn mí

Nígbà tí mo délé ní ìsinmi, bàbá mi mú mi lọ bá mẹkáníìkì mìíràn, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tún Ìjàpá ṣe kí wọ́n tó bí bàbá mi dàgbà. Ẹ́ńjìnnì ti wà nílẹ̀, ó ti tú u. Ó pè mí ní "ọ̀mọ̀wé", gbogbo ọmọṣẹ́ sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìtàn ti ṣáájú mi débẹ̀.

Ó fi ihò kan hàn mí ní abẹ́ ẹ́ńjìnnì, lápá òsì. Ìdè irin ńlá kan ló dí i, èyí tí wọ́n ń fi súkúdẹráfà fífẹ̀ tú. Tí ìdè yẹn bá jáde, sípíríǹgì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni písítọ̀nù kékeré kan tí kò tó ìka àtàǹpàkò mi. Ohun tí à ń pariwo náà kò ju ìyẹn lọ: ìdè kan, sípíríǹgì kan, písítọ̀nù kékeré kan.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?"

Ó ní, "O kò bèèrè kí o tó kọ ọ́. Ó dáa, jókòó."

Ó ní páńpù ọ́ìlì ń bá ẹ́ńjìnnì yí ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré, páńpù á sáré. Gbogbo ìgbà tó bá yí, ó gbọ́dọ̀ bu ọ́ìlì kó sì tì í síwájú, kò mọ̀ bóyá àyè wà níwájú tàbí kò sí. Nígbà tí ọ́ìlì bá tutù, ó máa ń ki bí oyin. Ojú ọ̀nà tó ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì tóóró. Páńpù ń tì í lẹ́yìn, ọ̀nà ò gbà á níwájú, ọ́ìlì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fúnpọ̀. Tí kò bá ríbi sá sí, ohun tó bá rọ jù lójú ọ̀nà ló máa bẹ́.

Ó ní, "Ìyá rẹ ń se ẹ̀wà. Ó dé ìkòkò. Nígbà tó hó, kí ni ìdérí ṣe?"

Mo ní ó gbéra, oru jáde, ó tún padà sílẹ̀.

Ó ní, "Písítọ̀nù kékeré yìí ni ìdérí. Sípíríǹgì ni ìwúwo ìdérí. Tí ọ́ìlì bá fúnpọ̀, á ti písítọ̀nù wálẹ̀, sípíríǹgì á sún kì, ojú ihò á ṣí, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́ìlì á sì padà sí ìsàlẹ̀ ibi tó ti wá. Bó bá ti rọlẹ̀, sípíríǹgì á ti písítọ̀nù padà, ihò á dí. Ìwọ wá ní kí wọ́n gbé òkúta lé ìdérí ìkòkò."

Ìyẹn nìkan kọ́. Nínú Ìjàpá irú tiwa, tó ní ẹyọ fáàfù kan, písítọ̀nù yìí tún ń ṣe iṣẹ́ kejì. Kúlà ọ́ìlì kan wà tó dúró nínú àpótí fáànù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù kí ọ́ìlì inú rẹ̀ lè tutù. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì tutù tó sì ki, kò nílò kúlà. Bí písítọ̀nù bá ti wálẹ̀, ó ṣí ọ̀nà àbùjá fún ọ́ìlì láti kọjá tààrà lọ síbi tí irin ti ń fara kan irin, láìgba inú kúlà. Nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí ọ́ìlì ṣàn bí omi, písítọ̀nù á gòkè, á dí ọ̀nà àbùjá náà, gbogbo ọ́ìlì á sì gba inú kúlà kọjá kó tó lọ síṣẹ́. Nǹkan kékeré yìí ló ń pinnu ọ̀nà tí ọ́ìlì á gbà láàárọ̀ àti ọ̀sán. Ní ọdún 1970, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáàfù kejì sí àwọn ẹ́ńjìnnì kan, iṣẹ́ wá pín sí méjì, ṣùgbọ́n tiwa ṣáájú ìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday wá yé mi. Ọyẹ́ mú, ọ́ìlì ki, wáṣà mẹ́ta kò jẹ́ kí sípíríǹgì rí àyè sún kì, písítọ̀nù kò lè wálẹ̀. Bàbá àgbà tẹ tọ́tù. Gbogbo títì tí páńpù ń ti ọ́ìlì já lé kúlà lórí, kúlà sì bẹ́. Nínú àpótí fáànù ló ti bẹ́, ẹnikẹ́ni kò tètè rí i. Lítà méjì ààbọ̀ kì í pẹ́ tán. Bí ọ́ìlì ṣe tán, irin ń fi irin họ ara, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì.

Mo wá bi í ní ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní, "Ṣùgbọ́n iná ọ́ìlì ti ń ṣẹ́jú tẹ́lẹ̀. Ọ́ìlì kò lágbára tó lóòótọ́. Ṣé sípíríǹgì líle kò lè ràn án lọ́wọ́ rárá?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó gbìyànjú. Ó ní, "Ìgbà tí iná yẹn ń ṣẹ́jú, ara ẹ́ńjìnnì gbóná, ọkọ̀ dúró, páńpù ń yí jẹ́jẹ́. Níbo ni písítọ̀nù wà nígbà náà?"

Mo rò ó. Mo ní ó ti gòkè. Ihò ti dí.

Ó ní, "Ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì, o tún fẹ́ fi àgádágodo sí i kí ó lè dí sí i?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé mi délẹ̀délẹ̀. Fáàfù yìí kò fún ọ́ìlì lágbára rí. Ibi tí agbára náà gbọ́dọ̀ ga mọ ló ń pa láṣẹ. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì lè ti nǹkan ni pé ọ̀nà tó ń gbà tóóró. Ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu róbà omi díẹ̀, ẹ ó rí bí omi á ṣe tò jìnnà; ẹ mú ọwọ́ kúrò, á máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Bíárìn tó wà lára ọ̀pá kíráńkì ẹ́ńjìnnì Bàbá àgbà ti jẹ lẹ́yìn ọdún tó ju àádọ́ta lọ, àlàfo ti wà láàárín irin àti irin, ọ́ìlì gbígbóná sì ń gba ibẹ̀ sá. Àrùn náà wà ní bíárìn. Bó bá jẹ́ pé sípíríǹgì ṣẹ́ ni, tàbí pé ìdọ̀tí há písítọ̀nù mọ́ ìsàlẹ̀, fáàfù ló jẹ̀bi nígbà náà, ìdí nìyẹn tí ìwé atọ́nà fi ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò ni. Kò ní kí a mú un le.

Níbo ni àṣìṣe wà?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ó rọrùn láti sọ pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò mọṣẹ́. N kò ní gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ rẹ̀ ti bi í léèrè, ìwé mi ló sì fi pa ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ọmọ tó ń fojú rí sípíríǹgì mọ̀ pé nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó. Èmi tí n kò rí sípíríǹgì rí láyé mi ni wọ́n gbà gbọ́, nítorí pé mo wà ní yunifásítì, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ èdè. "Oil pressure relief valve": ọ̀rọ̀-orúkọ mẹ́rin tó to tẹ̀ léra, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì kò sọ ohun tí ọ̀kan ń ṣe sí èkejì. Ṣé fáàfù ń ran ọ́ìlì lọ́wọ́ ni, àbí ó ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ọ́ìlì? Ẹni tó ti mọ ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀ kò nílò kí wọ́n sọ fún un. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi ohun tó ti mọ̀ dí àlàfo náà, èmi sì fi àpò ìrẹsì dí i. Nínú orúkọ ẹ̀rọ yìí, ẹ́ńjìnnì ni "relief" ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́ìlì tó pọ̀ jù. Ìtumọ̀ mi kò wulẹ̀ kù díẹ̀. Ó dojú kọ ẹ̀yìn pátápátá.

Àwọn ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ náà máa ń pe irú fáàfù báyìí ní "Überdruckventil". Wọ́n fi "über" síwájú, ìyẹn àpọ̀jù. Àwọn Faransé a máa pè é ní "clapet de décharge", èyí tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Ohun kan náà ni, ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan ti wò ó ló yàtọ̀. Ká ní ti Jámánì ni mo rí, bóyá ẹ́ńjìnnì Bàbá àgbà ì bá ṣì wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo ṣì ni "agbára". Lọ́dọ̀ wa, ta ni kì í fẹ́ agbára? A máa ń gbàdúrà fún un. Tí ẹ bá ti sọ fún Yorùbá pé agbára nǹkan kéré, á wá bó ṣe máa fi kún un. Bàbá mẹkáníìkì kò lo ọ̀rọ̀ yẹn fún fáàfù náà rárá. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọ́ìlì tó bá ru jù, iṣan ló ń bẹ́." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí! Gbogbo ilé ló mọ ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ pé ọ́ìlì ń ru tó máa wá wáṣà kún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa ṣe

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ṣì. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ àwọn àgbà wa. Láti 1970 ni ètò Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣíwájú rẹ̀, ti fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ àti apá kejì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, ni a fi ń sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì wa lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn tó ṣe ìwé yẹn mọ fónọ́lọ́jì àti síńtáàsì tinútẹ̀yìn kí wọ́n tó wá orúkọ fún ohun inú wọn. Onímọ̀ ló ń sọ ohun ìmọ̀ rẹ̀ lórúkọ. Àwa tí à ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá ń kó ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ti iná mànàmáná, ti ọkọ̀, a jókòó sínú yàrá, a to Gẹ̀ẹ́sì sápá kan, a to Yorùbá sápá kejì, a sì pè é ní ìtumọ̀.

Ẹ wo àwọn orúkọ tí Yorùbá gbà láìjanpata. Amúnáwá: a-mú-iná-wá. Amúlétutù: a-mú-ilé-tutù. Asọ̀rọ̀mágbèsì: ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì. Gbólóhùn odidi ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ ti bi ara rẹ̀ pé "kí ni ó ń ṣe?" kó tó bèèrè pé "kí ni à ń pè é?" Èmi kò bèèrè ti àkọ́kọ́.

Mo mọ èsì tí àwọn kan á fọ̀. Wọ́n á ní àwọn mẹkáníìkì fúnra wọn ń sọ pé "fáàfù", "páńpù", "kúlà", Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò, kí ni Yorùbá wá fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Orúkọ ni wọ́n yá. Àlàyé kò tí ì kúrò ní Yorùbá: ó ki, ó fúnpọ̀, ó tì í wálẹ̀, ó sá padà, ó dí. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyẹn ni ìmọ̀ náà. Ẹni tó bá ní orúkọ láìní ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ní páálí tí ọjà ti tán nínú rẹ̀.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti ẹ̀rọ kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìkejì, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan má ṣe dá wà: kí gbólóhùn kan sọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe, kí òmíràn sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá bàjẹ́. Ìkẹta, kí a tó fọwọ́ sí ìtumọ̀ kankan, kí a gbé e fún ẹni tó máa lò ó, kí a ní kó sọ fún wa ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bó bá nawọ́ sí wáṣà, a ti mọ̀ pé a ní láti tún un kọ. Èyí á gba àkókò, mo mọ̀. Àwọn olùkọ́ wa ní iṣẹ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí iye tí ìtumọ̀ oníṣẹ́jú márùn-ún lè ná ènìyàn.

Ìwé tuntun

Wọ́n ti to ẹ́ńjìnnì náà padà, pẹ̀lú bíárìn tuntun, kúlà àlòkù kan tó ṣì dára, àti sípíríǹgì tí kò ní wáṣà kankan lẹ́yìn. Owó tí mo ń tọ́jú fún kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n mú un wá. Fún oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá àgbà kò fi wakọ̀ lọ ibì kankan. Bàbá mi ló ń gbé e kiri, kò sì ráhùn. Ó yá mi lára ká ní ó ráhùn.

Mo tún ojú ìwé yẹn túmọ̀. Bàbá mẹkáníìkì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ibi méjì ṣe, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù òun. Báyìí ló kà:

"Ọ́ìlì tútù máa ń ki, ó sì máa ń ru. Fáàfù yìí ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù sá padà. Ẹ rí i pé písítọ̀nù rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, kò há. Ẹ rí i pé sípíríǹgì kò ṣẹ́, kò sì kúrú. Ẹ má fi ohunkóhun kún un. Bí fáàfù bá dára tí iná ọ́ìlì ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo páńpù, ẹ wo bíárìn."

Mo tún dá orúkọ kan: fáàfù adínrírukù. Bàbá mẹkáníìkì pè é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un pè, ó ní, "Ó gùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní pa ẹ́ńjìnnì."

Ní ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ padà sílé, Bàbá àgbà ní kí n ka ìwé tuntun náà sí òun létí. Mo kà á tán. Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló ṣáná sí ọkọ̀, ó dúró kí ẹ́ńjìnnì móoru díẹ̀ kó tó tẹ tọ́tù, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún 1971. Iná ọ́ìlì tàn, ó sì kú. Ó ní kí n wọlé kí a lọ, nítorí pé òun ti pẹ́ fún ìpàdé.